Kòròfo Ọta Tí Mo Fi Etí Ṣà

Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa, ìrẹsì ni gbogbo ayé ń sunkún rẹ̀. Èmi náà bá wọn sun ún díẹ̀, mi ò ní purọ́, torí mo fẹ́ràn ìrẹsì. Ṣùgbọ́n níhìn-ín tiwa, láàárín Ayétòrò sí Ìmàṣàyí, ẹni tó bá ní gbágùúdá lóko kì í febi sùn. A ó rẹ ẹ́, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, láfún dé nìyẹn. Mo ní oko gbágùúdá kan lẹ́yìn odò. Ewé rẹ̀ ṣú dudu, èmi a sì máa dúró lẹ́bàá rẹ̀ máa rẹ́rìn-ín bí ìyá ọlọ́mọ tuntun. Oko yẹn ni ilé wa fẹ́ jẹ títí òjò ọdún tó ń bọ̀ yóò fi rọ̀. A ò ní òmíràn.

Àfi bí ìmàdò ṣe wọ̀ ọ́.

Mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rò pé mo ṣìnà ni. Wọ́n ti fi imú hú ebè kiri, wọ́n ti ya igi gbágùúdá lulẹ̀, èyí tí kò tíì gbó pàápàá wà nílẹ̀ pẹ̀lú ojú eyín lára. Wọn ò tilẹ̀ jẹ ẹ́ tán! Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Bó o bá máa jalè, jẹ ohun tó o jí tán, má bù ú lẹ́ẹ̀kan kó o jù ú nù bí ọmọ tí wọ́n kẹ́ bà jẹ́. Àwọn àgbà ní ìmàdò ì bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a bàlú jẹ́. Tèmi kò dúró dìgbà tó dé ìlú.

Mo sáré délé. Ọdẹ ni ọkọ mi, ọmọ ọdẹ sì ni. Ó ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì pé.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ dìde o! Ìmàdò ń jẹ wá lóko!"

Kò dìde. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi, òfìfo.

"Kí ni kí n yìn fún wọn, Ìyá Ìbejì? Ṣé itọ́ ni?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Láti òdìkejì bọ́dà ni ọta tí àwọn ọdẹ wa ń rà ti máa ń wá, ẹni tó sì ń tà á fún wọn ní Ìpókíá ti kó àtẹ rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń tú apẹ̀rẹ̀ tòmátò wò dé ìsàlẹ̀ ní ojú ọ̀nà báyìí, ta ló tó gbé ọta kọjá? Mo jókòó sílẹ̀, mo gbá orúnkún mi mú. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi fúnra rẹ̀ sọ ọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n retí jù: láyé bàbá òun, ẹnikẹ́ni kì í ju kòròfo ọta tí wọ́n ti yìn nù. Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ń gbé e lọ bá, yóò sì tún un kì.

Ẹsẹ̀ mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà kó tó parí ọ̀rọ̀.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ ń gbé ní abúlé tó kángun sí tiwa. Àgbà ọdẹ lòun náà, ọjọ́ orí ló dá a dúró sílé. Ó mi ìgò kékeré kan létí, ó ní ẹ̀tù tó kù nínú rẹ̀ kò lè ju ọta méjì lọ.

"Ẹ lọ ṣa kòròfo méjì wá. Odindi idẹ ni kẹ́ ẹ mú wá o, kì í ṣe oníke ìwòyí. Ẹ sì fojú sílẹ̀ ṣà á. Èyí tó bá ti sán, inú ìbọn ló máa ya sí, iná rẹ̀ á sì padà sójú ẹni tó yìn ín."

Ọta méjì péré, fún odindi oko. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì ń dùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn bá ń gun ọ̀kadà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ọkọ mi gbé àpò awọ bàbá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti àjà. A tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, idẹ! Kòròfo ọta tó jẹ́ idẹ láti òkè délẹ̀, òmíràn pọ́n, òmíràn ti dúdú, òmíràn ti ní àwọ̀ ewé lára. Wọ́n ń yí kiri lórí ẹní, wọ́n ń dún wọnranwọnran. Mo gbàgbé ìmàdò fún ìgbà díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn mọ́ra bí ọmọdé tó rí ayò.

Ibẹ̀ náà la ti bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan tó wà nílé ọkọ mi. Bí ọta kan bá pa ẹran ńlá, wọ́n á gbé kòròfo rẹ̀ wálé, wọ́n á fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa ìlà kan sí i nídìí. Bó bá tún pa òmíràn lẹ́yìn tí wọ́n tún un kì, ìlà mìíràn. Kòròfo kan wà nínú àpò yẹn tí ìlà kún ìdí rẹ̀ tó fi dà bí ojú ẹni tó kọ àbàjà. Òun ni bàbá ọkọ mi fi pa ẹfọ̀n. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé yẹn tí kò gbọ́ ìtàn ẹfọ̀n yẹn kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Ọkọ mi kò wo ọ̀tún wo òsì, òun ló he.

"Èyí rèé. Orí rẹ̀ dára. Kì í tàsé."

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ṣebí ìlà tó wà nídìí rẹ̀ yẹn ni iye ìgbà tí iná ti jó o nínú? Aṣọ tí èèyàn fẹ́ràn jù ló máa ń kọ́kọ́ ya."

"Aṣọ kọ́ nìyí. Ọta ni."

"Ẹ fún mi."

Mo gbé ẹnu rẹ̀ sí ètè, mo fẹ́ atẹ́gùn gba orí rẹ̀. Bí àwọn ọdẹ wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tí wọ́n bá ń bọ̀ láti igbó, wọ́n á dúró ní ìdí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n á fọn kòròfo ọta tí wọ́n yìn bíi fèrè. Bí ọkọ mi bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹran kékeré ni, kí n gbé omi kaná. Bó bá fọn lẹ́ẹ̀mejì, ẹran ńlá ni, kí n ké sí àwọn tó máa bá a gbé e. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, kí n yáa lọ ro ọkà láìwojú ẹran. Fóònù wà lọ́wọ́ wa o, ṣùgbọ́n ta ló rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́yìn odò? Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń fetí sí fèrè yẹn. Ohùn idẹ tí ara rẹ̀ dá, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ẹkún ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ la sì ń ra ìkòkò lọ́jà: a ó fi ìka kàn án, èyí tó bá ti sán kò ní dáhùn dáadáa.

Kòròfo ẹfọ̀n há. Ó ṣe "fùù" bí arúgbó tí ikọ́ ń bá jà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọn àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí há, èyí há díẹ̀, èyí kò dún rárá. Nígbà tó yá, mo he ọ̀kan tó dúdú, tó burẹ́wà, tí kò ní ìlà kan ṣoṣo nídìí. Mo fọn ọ́n. Fíìììì! Ó mú gaara. Ajá wa tó ń sùn dìde fùú, ó sáré lọ jókòó síwájú ààrò, ó ń ju ìrù. Aládùúgbò wa kígbe láti ẹ̀yìn ọgbà pé, "Ẹ kú oríire o! Kí lẹ pa?"

Mo bú sẹ́rìn-ín débi pé mo ṣubú lé ẹní. "Bàbá Ìbejì, ajá pàápàá ti ṣà fún wa!"

Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi àtàǹpàkò pa ìdí kòròfo ẹfọ̀n. "Èyí tó o mú yẹn kò pa eèrà rí," ló wí. Mo bínú, mo sọ̀rọ̀, mo tún sọ̀rọ̀. Níkẹyìn a gbà bẹ́ẹ̀: òun mú ọ̀kan, èmi mú ọ̀kan. Mo rò pé Bàbá Alágbẹ̀dẹ yóò gbè mí nígbà tí a kó wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbé kòròfo ẹfọ̀n súnmọ́ ojú, ó yí i síwá sẹ́yìn. Àṣé òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ẹfọ̀n! Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Háà, ìwọ ọ̀rẹ́ mi yìí, ṣé o ṣì wà?" Ó sì tún un kì. Ìgbà náà ló yé mi pé kò sí ọkùnrin kankan ní gbogbo àdúgbò yìí tó lè bá mi sọ òótọ́ fún idẹ yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ mi gbé ìbọn lọ sóko. Mo jókòó ti ààrò tí mi ò tíì dáná sí. Èmi tí mo ń pariwo ìmàdò láti àárọ̀, ojú ọkọ mi ni mo ń rò báyìí. Mo ń sọ fún ara mi pé gbágùúdá ṣeé tún gbìn.

Ìbọn dún. Ohùn rẹ̀ kò dára, ó ṣe "fúpù" bí igi tútù nínú iná. Kí n tó dìde tán, èkejì dún, "gbòà!", àwọn ẹyẹ fò lórí igi máńgòrò. Lẹ́yìn ìyẹn, ó pa rọ́rọ́.

Mo dúró. Mo rìn dé ìdí ọ̀pẹ, mo tún dúró. Mo ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, mo sì ń bá ọkọ mi jà lẹ́ẹ̀kan náà, mo ń sọ pé bí ẹ bá fọ́jú nítorí ẹfọ̀n tó ti kú kí wọ́n tó bí yín, ẹ ò ní gbádùn mi.

Ni mo bá gbọ́ ọ. Fíìììì! Ó mú gaara, ó gba orí odò kọjá wá. Tèmi ni! Mi ò lè ṣì í mọ̀ láéláé. Mo fò sókè. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni, mo sì ń retí èkejì. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dún, nígbà tó sì dún, ó ṣe "fùù."

Ó há. Ọkọ mi sì mọ̀ pé màá gbọ́ pé ó há. Ó lè fọn tèmi lẹ́ẹ̀mejì, ta ni ì bá mọ̀? Ó mọ̀ọ́mọ̀ fọn ti bàbá rẹ̀ ni. Mo jókòó sílẹ̀ ní ìdí ọ̀pẹ, mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Nígbà tí èmi àti àwọn tí mo ké sí bá a lóko, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti dúdú fún èéfín, iná sì ti ra irun ìpéǹpéjú rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ méjèèjì ń wò mí. Akọ ìmàdò ńlá ló sùn sáàárín ebè. Kòròfo ẹfọ̀n ti ya láti ẹnu dé ìdí. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ mùsùlùmí bá wa gbé ìmàdò náà dé etí odò, wọ́n kí wa, wọ́n fọwọ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Orí rẹ̀ la gbé fún Bàbá Alágbẹ̀dẹ. Àwọn ìmàdò yòókù kò padà wá mọ́, láfún la sì fi la ọdún náà já.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ mi wẹ kòròfo tèmi mọ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Kò sí obìnrin tó fàlà sídìí ọta rí nílé yẹn.

"Ìwọ ni kó o fà á," ló wí.

Mo di ọ̀bẹ mú. Mo wo ìdí idẹ náà bó ṣe ń dán, mo wo ojú ọkọ mi tí kò ní irun lápá kan. Ó wù mí, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ṣùgbọ́n mo dá ọ̀bẹ padà fún un.

"Mi ò fàlà sí i o, Bàbá Ìbejì. Bí mo bá fàlà sí i, ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀."

Mo jù ú sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àpò, mo sì lọ ro ọkà.