Òórùn Ìrókò Nínú Àròkọ Mi

Ọmọ àdúgbò Dowa ni mí, ní Àjàṣẹ́ níbí, mo sì ṣì kéré ní iléèwé nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba, tí wọ́n ní rẹfolúṣọ̀n dé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ̀ pé àròkọ lásán lè lé èèyàn kúrò nílùú.

Faransé la fi ń kọ àròkọ. Olùkọ́ wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, kì í fẹ́ ká kọ ọ́ pé inú wa bàjẹ́ tàbí pé inú wa dùn. Á ní, "Imú yín ńkọ́? Etí yín ńkọ́? Ẹ kọ ohun tí ẹ gbóòórùn, ẹni tó ń kà á á fúnra rẹ̀ mọ bó ṣe dùn ún tó."

Lásìkò yẹn ni ìjọba ológun náà ń gé igi ńláńlá káàkiri, wọ́n ní ilé àjẹ́ ni. Wọ́n gé ìrókò ẹnu ọ̀nà wa, níbi tí ìyá àgbà mi ti ń ta àkàsà, ẹ̀kọ tí a fi ewé pọ́n, lábẹ́ ìbòòji. Wọ́n wá ní ká kọ àròkọ lórí ayọ̀ ọjọ́ náà. Mo kọ òórùn igi tútù tó gba gbogbo ilé. Mo kọ igbe àwọn àdán tí kò ríbi so rọ̀ mọ́. Mo kọ àkàsà tó kan kí ọ̀sán tó pọ́n, nítorí oòrùn ń pa á. N ò bú ẹnikẹ́ni o.

Ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn fún àdúgbò wa, tó jẹ àkàsà ìyá àgbà mi dàgbà, wá yẹ ìwé wa wò. Ó ka tèmi, ó tún un kà, ó wá ọ̀rọ̀ burúkú níbẹ̀ tì. Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ìyẹn ló bí i nínú.

"Kamarádì olùkọ́, ọfọ̀ lo fi kọ́ ọmọ yìí! Bí kì í bá ṣe ọfọ̀, kí ló ń pa mí lẹ́kún?"

"Ọfọ̀ kọ́, ọ̀gá. Ẹ rántí ni."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti gbé olùkọ́ wa lọ sí òkè àríwá, níbi tí kò ti gbọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n tún àròkọ mi kọ. Mo kọ ọ́ pé inú gbogbo wa dùn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó bí mi nínú nígbà yẹn, ó ṣì ń bí mi títí dòní.

Ayé ti yí padà. Ẹ lè kọ ohun tó bá wù yín, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ó dáa fún yín. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní kí n kọ ìtàn ìgbà náà fún àwọn. Mo jókòó, mo kọ ọ́ pé ìyà jẹ wá, mo kọ ọ́ pé ìkà ni wọ́n. Wọ́n kà á tán, wọ́n ní, "Ìyá àgbà, kò ṣe wá bákan." Wọn ò parọ́. Ẹni tí ì bá tún kọ́ mi bí a ṣe ń kọ òórùn, wọ́n ti lé e lọ.