Ọjọ́ Tí Wọ́n Fọ Ṣọ́ọ̀kì Kúrò Lórí Dùrù

Bí ọmọ ọmọ mi bá jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ní pálọ̀ wa ní Aramọkọ, tí ohùn rẹ̀ sì ṣàdédé dákẹ́ láàárín orin, mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láì yọjú: ó ti wo ọwọ́ rẹ̀. Ojú kúrò nínú ìwé, ó lọ sórí ọwọ́. Nígbà tó fi máa padà, ìlà tó ń kà ti sọnù. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, ìdákẹ́ yẹn ń gbé mi padà sí ìlú Ìlórò, nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin.

Dùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà kì í ṣe oníná. Ẹsẹ̀ méjèèjì la fi ń tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó wọnú rẹ̀, á sì máa mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́ bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Ọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ fún wa ló kọ́ mi. Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni mí, dò-rè-mì nìkan ni mo mọ̀. Ìwé orin onílà márùn-ún, tí kóró dúdú fọ́n ká sórí rẹ̀, èèrà tó bo ṣúgà ló jọ lójú mi. Tíṣà bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ dò-rè-mì sórí àwọn eyín dùrù, ìyẹn èyí tí ẹ̀yin ń pè ní kíì. Bó ṣe ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá yá, á nù ún. Kó tó dìgbà náà, á na abẹ̀bẹ̀ sórí ọwọ́ mi kí n má baà rí i, á wá figbe ta lédè Èkìtì pé ìwé ni kí n wò: “Uwé ni o wò! Mọ́ wo ọọ́ rẹ!” Èmi náà á na ọrùn gba abẹ́ abẹ̀bẹ̀ bí adìẹ tó fẹ́ jí àgbàdo jẹ.

Inú Bàbá Ìjọ kò dùn sí i. Òun ni olórí àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí dùrù yẹn ti dé, obìnrin kan ò jókòó sídìí rẹ̀ rí. Tíṣà bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà, àmọ́ ó ní bí mo bá ba orin jẹ́ mọ́ ìjọ lẹ́nu lọ́jọ́ kan péré, n kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn dùrù yẹn ju oúnjẹ lọ.

Ìkórè kù díẹ̀ nígbà tí àìsàn dá Tíṣà dùbúlẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù ní Adó. Kó tó wọ mọ́tò, ó nàka sí mi: èmi ni n ó tẹ dùrù ìkórè. Mo fi orin ìkórè náà ṣe oúnjẹ àárọ̀ àti alẹ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ sì mọ àṣà wa: bí ìkórè bá ku ọ̀la, àwọn ìyá ìjọ á fọ ṣọ́ọ̀ṣì láti àjà dé ilẹ̀. Wọ́n fọ àga, wọ́n fọ fèrèsé, wọ́n sì fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ eyín dùrù tìfẹ́tìfẹ́. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀ ìkórè, ó funfun báláú. Kò sí dò, kò sí rè. Ìyá mi gan-an wà lára àwọn tó fọ̀ ọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi láti orí ìjókòó rẹ̀, ó rò pé oore lòún ṣe mí.

Iṣu, kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún iwájú pẹpẹ. Ìjọ dìde. Mo nu ọwọ́ mọ́ aṣọ mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ọwọ́ mi, mo wá ṣọ́ọ̀kì tí kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ìlà ti sọnù. Dùrù dákẹ́. Bàbá Ìjọ yíjú sí mi. Mo ní ó ti parí nìyẹn.

Àmọ́ ìjọ kò dákẹ́. Ará Èkìtì tó ti rí iṣu tuntun nílẹ̀, tó ń kọrin ọpẹ́, ta ni yóò dá a dúró? Wọ́n ń kọ ọ́ lọ ràì. Mo tẹ́tí, mo wá ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wọn nínú ìwé, mo rí i, mo sì lẹ ojú mọ́ ọn. Kò kúkú sí ohun tí mo tún fẹ́ wò nísàlẹ̀. Ìka mi ń wá ọ̀nà fúnra wọn, bí ẹni tó ń rìn nínú ilé ara rẹ̀ lókùnkùn. Mo ṣì í tẹ̀ níbì kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n mo bá wọn dé àmín.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Ìjọ wá bá mi nídìí dùrù. Mo kúnlẹ̀, mo ń retí ìdájọ́.

“Ọ̀sẹ̀ kó ń bọ̀ ńkọ́?” ló wí, ó ń bèèrè ẹni tí yóò tẹ dùrù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo ní Tíṣà á ti dé. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì ń wo ojú fèrèsé. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé Tíṣà kò ní padà wá mọ́. Ìròyìn ti dé bá a láti Adó kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e mì títí mo fi tẹ dùrù tán.

Ikán ti jẹ dùrù yẹn. Kíbọ́ọ̀dù ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn ọmọbìnrin ló sì pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ohun tí obìnrin ń wá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tilẹ̀ mọ ìwé orin kà, etí ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń dùn. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ bó bá di ìkórè, èmi ni wọ́n ṣì ń pè. Tí ìjọ bá dìde báyìí, n ó tún máa nu ọwọ́ mọ́ aṣọ mi. Àwọn ọmọ akọrin máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, pé ìyá àgbà bí èmi, kí ló ń bà mí lẹ́rù? Àga Tíṣà ni mo jókòó lé. Báwo ni ẹ̀rù ò ṣe ní bà mí?