Jẹnẹrétọ̀ Kan, Ilé Mẹ́ta

"Ìyàwó o! Ó ti kàn ọ́ o!"

Báyìí ni ìyá àgbà mi ṣe máa ń lọgun láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Ìsẹ́yìn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Oòrùn á ti wọ̀, wọ́n á ti kírun Mọ̀gáríbì tán, eruku ọyẹ́ á sì sọ ojú ọ̀run di pupa rẹ́súrẹ́sú. Òórùn bẹntiróòlù á dà pọ̀ mọ́ ti ògì tí wọ́n fi ń mú òwú gan. Lábẹ́ igi ẹmì, jẹnẹrétọ̀ á máa kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Ohùn kan á wá dáhùn láti òdìkejì àgbàlá: "Ẹ ṣeun, Ìyáálé! Mo ti gbà á o!" Gílóòbù ibẹ̀ á sì tàn. Bí àlá ni gbogbo rẹ̀ ń ṣe mí báyìí.

Ilé mẹ́ta ló yí àgbàlá náà ká: ti ìyá àgbà, ti orogún wọn tí à ń pè ní ìyá kékeré, àti ilé òfì tí àwọn bọ̀dá ti ń hunṣọ. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní mítà àti bọ́ọ̀dù fíúsì tirẹ̀, nítorí bàbá àgbà kò fẹ́ kí ìyàwó kan máa wojú èkejì kó tó tanná. Kí n tó dáyé ni àwọn ìyá méjèèjì ti ń yan ara wọn lódì, kò sì sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ìyá àgbà ti búra pé ẹsẹ̀ àwọn kò ní tẹ ilé orogún àwọn láyé. Bí iyọ̀ bá tán nílé wọn, àwa ọmọ ni wọ́n ń rán lọ sọ́dọ̀ ìyá kékeré, wọ́n á sì ní ká sọ pé àwa la fẹ́ ẹ. Ẹ wo àgbà!

Nígbà tí àwọn ọmọ wọn ra jẹnẹrétọ̀, ẹyọ kan ni wọ́n rà. Oníná kan láti Òkèhò fa wáyà dé bọ́ọ̀dù ilé kọ̀ọ̀kan, ó sì kan ṣéńjófà mọ́ ògiri níbẹ̀, àpótí onírin tí à ń gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè fún iná ìjọba, tí à ń gbé e wálẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀. Ó kìlọ̀ pé ẹ̀rọ náà kò lágbára kí ilé mẹ́ta jọ já lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé kan á kọ́kọ́ gba iná, á lọgun, kí èkejì tó gba tirẹ̀.

Ta ló wá fẹ́ lọgun sí ta? Àwọn ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Oníkálukú ń gbé tirẹ̀ wálẹ̀ nígbà tó wù ú. Lọ́jọ́ kan, àwọn méjèèjì gbé e wálẹ̀ pọ̀, fìríìjì níhìn-ín, fìríìjì lọ́hùn-ún. Jẹnẹrétọ̀ tú èéfín dúdú, ó kú. Ilé òfì ṣókùnkùn, aṣọ ìyàwó tó yẹ kí wọ́n wá gbà lọ́jọ́ kejì sì wà lórí òfì. Oníná padà wá tún un ṣe. Ó wo àwọn méjèèjì, ó pòṣé.

"Ẹ̀yin ìyá mi, mo ti fa wáyà tèmi tán. Èyí tó kù, ẹnu yín ni."

Ojú tì wọ́n. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àgbà lọgun, wọ́n fajú ro bí ẹni tó ń mu àgbo. Ìyá kékeré dáhùn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ láàárín wọn nìyẹn. Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tí iná ìjọba bá lọ, wọ́n á lọgun síra wọn, lẹ́yìn náà kálukú á wọlé rẹ̀, odì ń bẹ síbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ kan, ìyá àgbà lọgun, kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n tún lọgun. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń kùn.

"Ṣé ó tún ti bẹ̀rẹ̀ ìṣe rẹ̀ ni?" ni wọ́n wí.

Síbẹ̀, wọ́n sọdá àgbàlá. Mo rí wọn tí wọ́n dúró níwájú ilé ìyá kékeré, tí wọ́n ń wo ilẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọlé.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Orogún mi o!"

Ìyá kékeré ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Àwọn bọ̀dá sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀tọ̀ lohun tí à bá máa sọ. Ìyá àgbà jókòó tì wọ́n, wọ́n di ọwọ́ orogún wọn mú, omijé ń dà lójú wọn.

"Mo pẹ́ kí n tó wọlé," ni wọ́n ń wí. "Ìwọ nìkan lo mọ bí ayé mi ṣe rí, ìwọ ni mo sì ń yàn lódì."

Ìyá kékeré rọra fún ọwọ́ náà pọ̀. 

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run forí jìn wọ́n. Orí kunkun ìyá àgbà ni mo jogún, kí n má tàn yín. Láti ìgbà tí a ti pín ilé bàbá wa ni èmi àti àbúrò mi obìnrin ò ti bára wa sọ̀rọ̀. Òun ló jẹ̀bi, mo sì lè rò ó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n lánàá, mo pè é lórí fóònù ní Ṣakí níbi tó ń gbé. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Mo gbọ́ tó gbé ọmọ odó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní iyán òun ṣì wà nínú odó, kí n jọ̀ọ́, kí n má tíì gé fóònù.