Ìbuwọ́lùwé Táíwò

Mi ò kì í mu ẹmu, bẹ́ẹ̀ ni oorun ò kùn mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ojú mi méjèèjì ló rí i.

Láàárín àwọn ọdún 1990, èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rí ní kóòtù Èrúwà. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹni tó bá gba ẹ̀rí á buwọ́ lùwé, tó bá dá a padà, á tún buwọ́ lù ú. Bí ìwé yẹn bá lábàwọ́n, ẹ̀rí bàjẹ́ nìyẹn.

Dísìkì kan ló wà lọ́wọ́ mi, pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Olóògbé Táíwò, tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé ní Igbó-Ọrà, ló ni ín. Lẹ́tà tó fi fún ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ráfíù, ní ilé wà nínú rẹ̀. Ìkejì rẹ̀, Kẹ́hìndé, ní irọ́ ni, pé lẹ́yìn ikú lobìnrin náà tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá kọ̀ǹpútà kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá yẹ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò. Bí dísìkì bá bàjẹ́, ìta ni Ìyá Ráfíù àtàwọn ọmọ á sùn.

Ọ̀sán gangan, ọkùnrin kan wọlé. Ojú Kẹ́hìndé, ìrìn Kẹ́hìndé. Ẹ jọ̀ọ́, ní Ìbàràpá tiwa tí ìbejì pọ̀ sí, bí ẹ bá rí ojú òkú, ṣé ẹ máa ń sá ni? Ìkejì rẹ̀ lẹ máa kí!

Mo kí i bí mo ṣe ń kí Kẹ́hìndé: "Ẹ káàsán, Bàbá Sikírù. Ẹ kú ọ̀fọ̀ Táyé."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Èwo lọ̀fọ̀ níbẹ̀? Jẹ́ n rí dísìkì yẹn."

"Ẹ kọ́kọ́ buwọ́ lùwé ná."

Ó buwọ́ lù ú. Ó gbé dísìkì sátẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀, ó ní, "Wọn ò tíì bà á jẹ́." Ó gbé e kalẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n mú páálí rẹ̀. Kí n tó gbójú sókè, kò sẹ́nìkan mọ́.

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò tíì mí kanlẹ̀ tí Kẹ́hìndé fi wọlé, eruku ọ̀nà Ayétẹ̀ bò ó dórúnkún.

"Bàbá Sikírù, ẹ tún padà?"

"Padà láti ibo? Ọ̀kadà ṣẹ̀ṣẹ̀ já mi sílẹ̀ ni."

Mo ṣí ìwé. Táíwò ló wà níbẹ̀. Mo fi wé ìbuwọ́lùwé rẹ̀ tó wà nínú fáìlì ẹjọ́: ọwọ́ kan náà.

Kẹ́hìndé na ọrùn, òun náà rí i. Bí Kẹ́hìndé bá pariwo, iṣẹ́ mi lọ, ilé Ìyá Ráfíù lọ. Àmọ́ ilẹ̀ ló jókòó sí.

"Ṣé ó ń bínú?" Ó bi mí.

"Rárá, ẹ̀rín ló ń rín."

"Yéè! Bí Táyé bá ti rẹ́rìn-ín, ó ti bínú tán nìyẹn. Ẹ bá mi sọ fádájọ́ pé mi ò ṣẹjọ́ mọ́. Kí ìyàwó ẹ̀ máa gbélé ẹ̀."

Ìyá Ráfíù ṣì ń gbébẹ̀. Ṣùgbọ́n Táíwò buwọ́ lùwé pé òun gbà á. Kò buwọ́ lù ú pé òun dá a padà. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, àyè yẹn ṣófo, mo sì ń ṣọ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá fẹ́ kí ìkejì òkú ní Igbó-Ọrà, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: "Èwo nínú yín ni?"