Atukọ̀ Àwọn Olólùfẹ́ ní Porto Sant'Erasmo

Ẹ̀yìn ọrùn Nevio Figari ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ju etí àlùfáà ìlú lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ló fà á. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ní Porto Sant'Erasmo, ìlú èbúté kékeré kan ní Ítálì, Nevio á gbé ọkùnrin kan àti obìnrin kan sínú Assunta, ọkọ̀ onípákó tó fi orúkọ ìyá rẹ̀ sọ. Á gba ẹnu èbúté jáde, á wà wọ́n lọ sẹ́yìn àpáta La Monaca, níbi tí ojú ará ìlú ò tó. Á pa ẹ́ńjìnnì. Á gbé apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ sáàárín wọn. Lẹ́yìn náà á kọ ẹ̀yìn sí wọn, á fa àwọ̀n kan sórí itan, á máa tún un ṣe.

Àwọ̀n kan ṣoṣo. Kò ya rí.

Kì í wẹ̀yìn. Òfin tó ṣe fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ikọ́ ló fi ń mọ ibi tí nǹkan dé: ọkùnrin tó bá fẹ́ bi obìnrin ní ìbéèrè ńlá á kọ́kọ́ wúkọ́. Lẹ́yìn ikọ́, ìdákẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́, yálà ẹkún ayọ̀ tàbí ìró omi lára pákó. Bó bá jẹ́ ìró omi nìkan ló gbọ́, á mọ̀ pé kò bọ́ sí i. Á tan ẹ́ńjìnnì.

Kò kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹja wẹ́wẹ́ ni bàbá rẹ̀ ń pa, ohun tí òun náà ń pa nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ọkùnrin kan àti obìnrin kan láti Bologna há sẹ́yìn àpáta, ọkọ̀ tó yẹ kó gbé wọn padà ti lọ. Nevio gbé wọn. Wọ́n jókòó sáàárín àpótí ẹja. Òórùn ẹja gba gbogbo inú ọkọ̀. Ìpẹ́ lẹ̀ mọ́ bàtà obìnrin náà. Ọkùnrin náà wúkọ́. Kí wọ́n tó wọ èbúté, obìnrin náà ti ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbà. Inú Nevio dùn débi pé ó tẹ fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Fèrè idẹ àtijọ́ ni, ó ní rọ́bà roboto nídìí. Bí o bá fún rọ́bà yẹn, á ké bíi pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Màmá Dorina, tó ni ilé kọfí etí èbúté, pariwo bi í pé kí ló dé. Nevio ní wọ́n fẹ́ fẹ́ra ni. Màmá Dorina lu agogo ẹnu ọ̀nà rẹ̀, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ó di àṣà. Bí fèrè bá dún lẹ́ẹ̀mẹta, obìnrin ti gbà nìyẹn. Agogo á dún, wọ́n á ṣí wáìnì, àwọn ìyá àgbà á na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Bí kò bá gbà, Nevio á rọra wọlé láìtẹ nǹkan kan, gbogbo ìlú á sì kọjú sí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Ẹni tó ń mu kọfí, ẹni tó ń fọ ẹja, kálukú á yí ọrùn padà, wọ́n á tẹjú mọ́ òkè bí ẹni pé ọ̀sán ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, títí àwọn méjèèjì á fi kọjá. Wọn kì í wo ẹni tí ojú ń tì ní Porto Sant'Erasmo.

Nevio fúnra rẹ̀ ò gbéyàwó rí. Bí wọ́n bá bi í nídìí, á ní àkókò tí àwọn yòókù fi ń wá ìyàwó ni òun fi ń ṣiṣẹ́.

Irọ́ ni. Ó kéré tán, kì í ṣe òótọ́ tán.

Oúnjẹ inú apẹ̀rẹ̀ yẹn, ọ̀dọ̀ Ersilia Canepa ló ti ń wá. Opó ni Ersilia, ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Focaccia, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí òróró ólífì ń kán lára rẹ̀, tí iyọ̀ hóró-hóró wà lórí. Ẹja wẹ́wẹ́ oníyọ̀. Èso píìṣì tó gé sínú wáìnì funfun. Ọ̀sán ni Nevio máa ń wá gbé apẹ̀rẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kejì ló máa ń dá a padà, á sì ròyìn.

"Báwo ni ti àná?" Ersilia á bi í.

"Ọkùnrin yẹn ju òrùka sómi."

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ jù ú?"

"Ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Ó ṣí àpótí rẹ̀ báyìí, mo gbọ́ tó dún pọ̀ọ́. N ò wẹ̀yìn o."

"Kí lobìnrin wá wí?"

"Ó ní ṣé òun lè jẹ píìṣì tó kù."

Ersilia á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á fi ọwọ́ oníyẹ̀fun nu ún. Ìyẹ̀fun á kù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nevio ò ní sọ fún un. Ó fẹ́ kó wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́dọọdún. Apẹ̀rẹ̀ lọ, apẹ̀rẹ̀ bọ̀. Gbogbo ìlú mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á; wọ́n ń wo òkè fún un.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ lọ́dún kan, Ersilia gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì bèèrè báwo ni ti àná.

"Ẹ̀gbọ́n mi Tosca ní kí n máa bọ̀ ní Torino," ó ní. "Ó ní yàrá kan ṣófo. Ó ní kí ni mo ń ṣe létí òkun, èmi nìkan, pẹ̀lú ààrò."

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní màá dé lọ́jọ́ Àìkú." Ó ń wo ojú rẹ̀. "Kí n máa bá a gbé."

Nevio mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó ti gbọ́ ọ ní oríṣiríṣi èdè, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń kálòlò. Ó la ẹnu.

"Torino dára," ó ní.

Ó bú ara rẹ̀ títí dé èbúté.

Màmá Dorina ń gbé kọfí rẹ̀ bọ̀. "Nevio ọmọ mi, ṣé o gbọ́ pé Ersilia ń lọ?"

"Mo gbọ́, Mà."

"Kí lo wá bá a sọ?"

"Mo ní Torino dára, Mà."

Màmá Dorina dúró. Ó yí padà, ó gbé kọfí náà wọlé. "Ẹni tó ní Torino dára," ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti inú ilé, "kó lọ mu kọfí ní Torino!"

Ọjọ́ Ẹtì. Ìrọ̀lẹ́. Nevio jókòó sórí Assunta láìní èrò, torí àwọn méjì tó yẹ kó gbé ti jà nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó gbójú sókè. Ersilia ló ń bọ̀ yẹn, ó fúnra rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ wá.

"Ta lò ń gbé lónìí?"

"N ò gbé ẹnì kankan."

"Gbé mi nígbà náà." Ó ti fi ẹsẹ̀ kan wọnú ọkọ̀. "Láti ọjọ́ pípẹ́ ni búrẹ́dì mi ti ń lọ síbì kan tí n ò mọ̀. Jẹ́ n rí i kí n tó lọ."

Ó wọ yẹtí tó máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ Ẹtì. Nevio rí i.

Lórí omi, ó ń sọ fún ara rẹ̀: lónìí ni. Lẹ́yìn àpáta. Bí mo bá ti pa ẹ́ńjìnnì báyìí, màá sọ ọ́.

La Monaca rèé, òkúta gíga tó tẹrí ba bí obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tó ń gbàdúrà. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí Ersilia, ó fa àwọ̀n sórí itan.

Omi ń ró lára pákó.

"Nevio."

"Hẹn."

"Ta lò ń kọ ẹ̀yìn sí?"

Ó wo àwọ̀n. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó ti mọ́ mi lára ni."

"Yíjú sí mi jàre. Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Ó yíjú sí i. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú, oòrùn ti fẹ́ kan òkun. Ersilia ń wo gbogbo ibẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ ilé tuntun wò.

"Ibí ni wọ́n ti máa ń wúkọ́?"

"Ibí ni."

"Ikọ́ gbígbẹ ni, àbí ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀?"

"Gbígbẹ ni."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ó ti tò ó: Ersilia, má lọ. Kò ju ìyẹn lọ. Ó mí sínú, ó la ẹnu. Ikọ́ ló jáde. Gbígbẹ.

Ersilia bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé ó ń sín àwọn ọkùnrin yẹn jẹ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. "O mọ̀ ọ́n ṣe! Nevio, o mọ̀ ọ́n ṣe gan-an!" Nevio náà rẹ́rìn-ín. Kí ni ì bá ṣe? Ní àkókò tí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu wọn, oòrùn ti wọnú omi lọ.

"Òtútù máa mú ní Torino," Nevio ní.

"Wọ́n ní ó máa ń mú," Ersilia dáhùn. Ó ko focaccia tó kù padà sínú apẹ̀rẹ̀.

Nevio tan ẹ́ńjìnnì, ó kọrí sílé. Ó ti pinnu bó ṣe máa wọlé: jẹ́jẹ́, bíi ti àwọn tí kò bọ́ sí i fún. Kí ìlú wo òkè. Kí Ersilia sọ̀ kalẹ̀. Kó parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n oòrùn ti wọ̀. Obìnrin wà níwájú ọkọ̀. Ẹnu èbúté rèé. Ọwọ́ òsì Nevio ò bi í léèrè. Ó kàn na ara rẹ̀ síwájú, ó fún rọ́bà.

Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mẹta.

Àwọn èèyàn dìde dúró ní etí èbúté. Gbogbo wọn ti rí ẹni tó gbé jáde. Lẹ́yìn náà ni agogo Màmá Dorina dún, ó ń lù ú bí ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀. Ìlú hó yèè. Àwọn ìyá àgbà yọ jáde lójú fèrèsé dé àyà.

"Ersilia ti gbà! Ó ti gbà o!"

"Ẹ̀gbọ́n Nevio, ó kan ẹ̀yin náà! Ó ti tó àkókò!"

Ìdérí ìgò wáìnì fò, ó bọ́ sómi.

Ersilia yíjú padà sí Nevio. Díẹ̀díẹ̀ ni.

"Kí ni mo gbà?"

"Ọwọ́ mi ni," Nevio ní. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bíi tòmátò. "Ersilia, mo bẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Màá ṣàlàyé fún wọn."

"Ọwọ́ rẹ lẹ́nu jù ẹ́ lọ."

Ó wo àwọn èèyàn. Ó wo wáìnì tí wọ́n ti ń bù. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó jókòó dáadáa.

"Yí ọkọ̀ padà," ó ní.

"Hẹn?"

"Mo ní yí ọkọ̀ padà. Ṣé wáìnì irọ́ lo fẹ́ kí Màmá Dorina mu, ní ọjọ́ orí wọn? Lọ bi mí ní ohun tí o sọ pé mo ti gbà."

Nevio yí i padà. Níṣojú gbogbo ìlú. Ìpàtẹ́wọ́ dúró. Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí, wọn ò sì mọ èyí tí wọn ì bá ṣe. Àwọn kan kọjú sí òkun, àwọn kan kọjú sí òkè, ọkùnrin kan tó ń ta ẹja ń yí ọrùn síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Kí ló tún dé?" Màmá Dorina pariwo. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára okùn agogo.

Nevio ò lè dúró dé ibi àpáta. Ẹnu èbúté ló ti fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó máa rìn fúnra rẹ̀, ó dìde, ó kọjú sí Ersilia. Kò rántí pa ẹ́ńjìnnì.

"Má lọ sí Torino!"

"N ò gbọ́!" Ersilia nawọ́ sí ẹ́ńjìnnì.

Nevio fi gbogbo àyà rẹ̀ ké. "Mo ní má lọ! Torino ò dára! Dúró tì mí! Fẹ́ mi!"

Ohùn máa ń rìn jìnnà lórí omi lálẹ́. Ó gba orí omi, ó kan ògiri ilé, ó kan àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ti kọjú sí òkè yí padà kíá.

"Ó mà sọ ọ́ o," Màmá Dorina wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ersilia ò dá a lóhùn. Ó dìde, ó di èjìká rẹ̀ mú kó má baà ṣubú, ó na ọwọ́ kọjá lára rẹ̀. Ó fún rọ́bà fèrè. Lẹ́ẹ̀kan.

Ó dúró. Ìyẹn lè jẹ́ ohunkóhun.

Lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wo ojú Nevio, bí ẹni tó ń wò ó bóyá búrẹ́dì ti jinná. Ìyẹ̀fun wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, lábẹ́ yẹtí.

"Ìyẹ̀fun wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ," Nevio sọ.

"Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀," Ersilia fèsì. Ó fún un lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, Tosca gba tẹlifóònù, ó bú àbúrò rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó bèèrè bóyá yàrá kan ṣófo létí òkun. Nevio ṣì ń gbé àwọn olólùfẹ́ lọ sẹ́yìn àpáta, ó ṣì ń tún àwọ̀n tí kò ya ṣe. Àfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí ẹ bá wá ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá Dorina á sọ fún yín pé èrò ti wà nínú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni, kí ẹ jókòó, kí ẹ mu kọfí. Bí oòrùn bá wọ̀, ẹ óò gbọ́ fèrè. Lẹ́ẹ̀mẹta ni, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, agogo sì gbọ́dọ̀ dáhùn.