Amọ̀ Ààfin

Oríkèé ìka ni ìyá àgbà fi ń kan ògiri ààfin náà, ó sì fi etí lé e. Kò, kò, kò. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún kàn án. Ibẹ̀ dún gbòò, bí àgbá òfìfo. Ó yíjú sí àwọn ọmọ ààfin tó dúró tì í.

"Omi ti wọnú rẹ̀. Ẹ kó ẹrù yín kúrò ní yàrá yìí."

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Ìyá, sìmẹ́ǹtì la fi rẹ́ ẹ o!"

"Òun náà ni mo ń wí."

Ìyá tó bí ìyá mi ni. Ará Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Lọ́kọ́ja ni ìdílé rẹ̀, àwọn obìnrin ilé wọn ló sì máa ń rẹ́ ààfin ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Amọ̀, ìgbẹ́ màlúù, àti omi tí wọ́n rẹ èèpo èso igi irú sí títí yóò fi pọ́n ni wọ́n ń pò pọ̀. Òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò lọ́wọ́ wọn. Ògiri tó ń kàn yẹn, ti yàrá àbáwọlé, nípọn débi pé mo lè jókòó sójú fèrèsé kí n ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Ibẹ̀ ni àwọn ọba ti ń gbọ́ ẹjọ́ láyé àtijọ́, tí Nupe ń rojọ́, tí Hausa ń dáhùn, tí Yorùbá ń là wọ́n. Ìyá ní amọ̀ etí odò ni wọ́n fi mọ ọ́n: wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e.

Ìgbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ọmọ ààfin nítorí ìgbẹ́ màlúù. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo rẹ̀, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun. Omi tó bá wọlé kò tún ríbi jáde mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ráhùn, àmọ́ wọ́n kó ẹrù náà. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn òjò, ògiri náà wó. A gbọ́ ọ láti ilé. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá, kò sẹ́ni tó fara pa.

Mo rò pé yóò ní, "Ṣé mo sọ fún yín?" Kò sọ ọ́. Èmi ló pè.

"Sáré lọ bá bàbá tó ń ṣàkóso ààfin. Ní kó má jẹ́ kí wọ́n kó amọ̀ yẹn dànù. Amọ̀ tó ti pẹ́ ló dára jù. Tí a bá tún un pò, yóò tún di ògiri."

Mo dé ibẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo jíṣẹ́. Bàbá náà ń jẹun lọ́wọ́. Ó mi orí tòun ti òkèlè lẹ́nu.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, típà dé. Ìyá gbá aṣọ mọ́ àyà, ó lọ dúró níwájú rẹ̀. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó tẹrí ba. "Hàjíà, ẹ yi hàkúrì, ẹ má bínú. Wọ́n rán mi ni."

"Níbo lò ń kó o lọ?"

"Felele, mà. Kòtò kan ni a fẹ́ fi dí."

Ìyá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó sunkún lójú gbogbo ènìyàn, kò sì fọwọ́ bojú. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi tún ibẹ̀ kọ́. Ó gún régé, kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ní báyìí, èmi náà ti ń kọ́lé, ní Otokiti ní Lọ́kọ́ja níbí. Bí ẹnikẹ́ni bá rán mi níṣẹ́ sí ẹlòmíràn, mi ò ní kúrò níbẹ̀ títí onítọ̀hún yóò fi dáhùn. Àwọn ọmọ mi ní mo ti ń yọni lẹ́nu jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Lọ́jọ́ tí ìyá rán mi, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣeré níta, mo sì sáré lọ bá wọn. Mi ò dúró kí bàbá yẹn gbé òkèlè ẹnu rẹ̀ mì.