Láti Àárín Pápá sí Etí Rẹ̀

Ọ̀sán Sátidé kan ni orúnkún ọ̀tún mi yẹ̀ lórí pápá kan nítòsí Stone Mountain l'Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó kọlù mí. Mo gba bọ́ọ̀lù mọ́ra, mo fẹ́ yà sápá òsì, ẹsẹ̀ kan lọ, èkejì ò tẹ̀ lé e.

Láti ilé ẹ̀kọ́ girama l'Ékòó ni mo ti ń gbá rọ́gbì, irú èyí tí ènìyàn mẹ́tàlá máa ń wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà láti wá bá ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mo ti rí ẹgbẹ́ rọ́gbì kí n tó rí iṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí dókítà wo fọ́tò orúnkún mi, tó ní mo lè rìn, mo lè wakọ̀, ṣùgbọ́n rọ́gbì ti parí, ìyàwó mi dúpẹ́ pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu mi ṣe àmín, inú mi ò ṣe é.

Láti ọjọ́ náà ni ara mi ò ti balẹ̀ mọ́. Ní warehouse tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Suwanee, bí àwọn yòókù bá jókòó jẹun, èmi á máa rìn káàkiri láàárín àwọn mọ́tò níta. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mò ń dúró sí. Sátidé ló wá burú jù. Mo lè tún mọ́tò tí mo fọ̀ lánàá fọ̀. Mo lè wakọ̀ dé Ellenwood lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, kí n mu omi, kí n dìde.

"Kí ló ń lé ẹ?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí. "Jókòó, kí o jẹun."

Mi ò lè jókòó.

Ìyàwó mi ló rí ojútùú ẹ̀. "Daddy, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ yín létí pápá," ló wí. "Ilé yìí ti kéré jù fún yín."

Mo lọ. Kóòṣì wa, àgbàlagbà kan tó wá láti Ọsirélíà, ń múra àtipadà sílé nígbà náà. Ó bọ́ fèrè lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ mi lọ́rùn, ó ní mo mọ eré náà, mo sì lẹ́nu.

Mo rò pé iṣẹ́ kóòṣì á mú ara mi rọlẹ̀. Irọ́ ni. Ẹni tó wà nínú eré kì í ráyè ronú. Ẹni tó dúró létí ló ń rí gbogbo ewu kó tó dé, tí kò sì lè fọwọ́ kàn án. Mò ń lọ, mò ń bọ̀, mò ń pariwo "Dì í mú!" títí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà inú ẹgbẹ́ náà fi ń pariwo ẹ̀ fún ara wọn. Bí wọ́n ṣe ń pè é ò dáa, ṣùgbọ́n wọ́n ń dì í mú.

Ẹni tó yára jù nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá kàwé gboyè kejì ní yunifásítì. Kò pè mí ní kóòṣì rí, Uncle ló ń pè mí. Ọjọ́ tí a gbá ìdíje tó yẹ kó gbé wa dé àṣekágbá, orí rẹ̀ àti ti alátakò kan gbára. Ó ṣubú, ó dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ tò sáàárín ẹgbẹ́ tí à ń bá gbá.

Mo ní kí wọ́n mú un jáde.

"Uncle, ara mi le!"

"Àwọn wo là ń bá gbá lónìí?"

Ó wo ojú mi, ó wo aṣọ wọn. Ó wá di ọwọ́ mi mú. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí."

"Mo mọ̀ ọ́n. Jókòó."

Ó bú mi. A pàdánù. Àwọn yòókù kó ẹrù wọn láìkí mi. Mo fi mọ́tò gbé e lọ sí ọsibítù, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń wo ìta títí ó fi bì sórí aṣọ ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ló ní, "Uncle, ẹ má bínú," bí ọmọ kékeré. Dókítà sọ fún wa pé ọpọlọ rẹ̀ ló mì, pé bí wọ́n bá tún kọlù ú lórí lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà. Mo jáde síta, mò ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ọsibítù.

Ó pẹ́ kí dókítà tó gbà á láyè láti padà wá. Ọjọ́ tó dé, ó dọ̀bálẹ̀ sórí koríko.

"Uncle, mi ò rántí nǹkan kan nípa ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní mo bú yín."

"O bú mi dáadáa. O ò yọ ìyá mi sílẹ̀."

Ó daṣọ bojú, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó sáré yí pápá ká, kó má tíì kan ẹnikẹ́ni lára. Ó sá lọ. Mo yíjú sí àwọn yòókù, mo fun fèrè, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára rẹ̀ títí ó fi yí i tán.